Wáyà Tó Lọ sí Yàrá Ìyá

Oníwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi gun òpó tẹlifóònù, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri títí àárín orí náà fi ń dán. Kò sí ilé tó máa dé tí kò ní kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí wáyà gbà wọlé kó tó kí onílé. Nígbà tí tẹlifóònù onílé di ohun àtijọ́, tí iléeṣẹ́ ní kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ máa lọ sinmi, ọkùnrin yìí kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn akọ́lé ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó wá èébú mìíràn, kó má pè é ní ọ̀lẹ.

Kí n má parọ́, èèyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohun tó ṣe.

Ìyá rẹ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ṣubú nínú balùwẹ̀ ilé ara rẹ̀, ó sì wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìyálẹ̀ta kí ará ilé kejì tó gbọ́ igbe rẹ̀. Eegun kankan kò ṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọ ìyá lára. Ó ní kì í ṣe ìṣubú ló ba òun lẹ́rù. Kí òun máa pe èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má dá òun lóhùn, ìyẹn ni òun kò fẹ́ rí mọ́ láyé. Ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì bá jókòó sọ̀rọ̀, Oníwáyà tó jẹ́ àgbà, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ.

Aránṣọ ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí Màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àga wọn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì mi. Tí wọ́n bá wúkọ́ báyìí, màá gbọ́."

"Nínú ariwo máṣíìnì mẹ́rin? Ṣé o fẹ́ kí etí wọn tó kù díẹ̀ yìí di pátápátá ni?" Oníwáyà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ nílé. Yàrá wà lẹ́yìn ilé mi, ó tutù, ó dákẹ́. Ojú mi ò ní kúrò lára wọn."

"Ojú yín tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé?"

"Inú kọ̀ǹpútà náà ni màá ti máa rí wọn."

Ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Yàrá tó ń wí yẹn dá dúró lódìkejì àgbàlá, ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún péré sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pálọ̀ tó fi ṣe ọ́fíìsì. Ó fa wáyà kan ṣoṣo láti ọ́fíìsì, ó mú un gba abẹ́ òrùlé, ó sì gbé kámẹ́rà kékeré kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn nínú yàrá ìyá. Kámẹ́rà náà ní ojú, kò ní etí, kò sì ní ẹnu. Ara rẹ̀ ló so bọ́tìnnì pupa kan mọ́, tí okùn rẹ̀ gùn dé orí ibùsùn. Tí ìyá bá tẹ bọ́tìnnì yìí, kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ á dún.

"Màámi," ó ní, "ẹ wo ojú yìí o. Èmi nìyẹn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Tí ọwọ́ yín ò bá tó bọ́tìnnì, ẹ ṣáà juwọ́ sí mi. Màá rí yín, màá sì dé kíá."

"Tí mo bá wá ń pààrọ̀ aṣọ ńkọ́?"

"Màá dijú, Màámi."

"Èmi tí mo wẹ̀ ọ́ láti kékeré, kí lo fẹ́ rí?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Láràárọ̀, á gbójú sókè ilẹ̀kùn, á ní, "O ò jí ire, ọkọ mi?" Tó bá di ọ̀sán, á na ìka sí kámẹ́rà, á máa bá a wí pé kó dìde lọ jẹun. Fóònù tí wọ́n rà fún un, inú àpò ló ń gbé látọdúnmọ́dún. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi ṣe, nígbà tí ọmọ òun ń wo òun?

Oníwáyà náà, lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ló máa ń ré àgbàlá kọjá lọ bá ìyá rẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó di ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀. Lọ́dún kẹta, ilẹ̀ lè mọ́ kó ṣú, kó má tíì fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn, ṣùgbọ́n kó ti wo ìyá lójú kọ̀ǹpútà nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà, kò fi bò fún un rárá.

"Olówó orí mi, ìyá kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n o. Ẹ dìde kẹ́ ẹ lọ kí wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

"Tíṣà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kíra wa báyìí ni. Wọ́n juwọ́ sí mi."

Ó rò pé àwàdà ni. Inú ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀rín tó ń rín.

Ohun tó wá fa ọ̀ràn kò ju àpótí pẹlẹbẹ kan lọ. Suwíìṣì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rò pé èyí tá a fi ń tan iná lára ògiri ni o. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wí, àpótí oníhò mẹ́jọ tí gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà inú ilé ń já sí, tí ohun tí ọ̀kan bá fẹ́ sọ fún èkejì ń gbà kọjá. Ti Oníwáyà ti darúgbó. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé yá, ṣùgbọ́n suwíìṣì yìí á fà á sẹ́yìn. Tó bá fẹ́ fi àwòrán ilé alájà mẹ́ta ránṣẹ́, á gbé omi tíì kaná, á po tíì, á mu ún, á fọ ife, fáìlì náà á ṣì wà lójú ọ̀nà. Àwòrán ìyá pàápàá á máa fò, á máa dúró. Ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó gẹ́ẹ́, òun á ra suwíìṣì tó yá.

Obìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè. "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan kan nílé yín tó ń jẹ iná látara suwíìṣì? Èyí yá lóòótọ́, àmọ́ kì í fi iná sínú wáyà."

"Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fa wáyà," Oníwáyà dáhùn. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìbéèrè náà kò fi wọ̀ ọ́ létí. Wáyà tẹlifóònù ayé àtijọ́ máa ń gbé iná tirẹ̀ wá láti iléeṣẹ́. Iná ilé ì báà lọ, kí gbogbo àdúgbò ṣú dùdù, tẹlifóònù á ṣì dún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Oníwáyà fi gbé nínú ìyẹn. Lójú tirẹ̀, ìbejì ni wáyà àti iná, inú kan náà ni wọ́n ti wá. Nígbà tó gbé kámẹ́rà kọ́ sí yàrá ìyá, tí kámẹ́rà tàn láìjẹ́ pé ó ki ohunkóhun bọ ara ògiri, kò bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí iná yẹn ti wá. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa wáyà ì bá béèrè. Suwíìṣì àtijọ́ yẹn ló ń gba ihò kẹrin fi iná bọ́ kámẹ́rà ìyá, àti bọ́tìnnì ìyá, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Tuntun tó gbé bọ̀ yìí kò ní fún wọn ní kíún.

Ọjọ́bọ̀ ni. Tíṣà gbé tíì àti búrẹ́dì fún ìyá, ó bá a tún ibùsùn ṣe, ó sì lọ sí iléèwé rẹ̀ ní aago méje. Lẹ́yìn náà ìyá lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Oògùn yẹn máa ń mú un tòògbé díẹ̀ láàárọ̀. Ó juwọ́ sí kámẹ́rà, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó fa aṣọ ìbora dé èjìká. Oníwáyà rí gbogbo èyí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ sinmi, Màámi." Akọ́lé kan ń retí àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di aago méjì, ó sì fẹ́ ti suwíìṣì tuntun bọ̀ ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wáyà, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ihò kìíní. Èyí tó bá yọ lára àtijọ́, á kì í bọ tuntun, á sì dúró kí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò náà tàn kó tó mú òmíràn. Ọ̀kan tàn. Èkejì tàn. Ẹ̀kẹta tàn. Ẹ̀kẹrin kò tàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yọ wáyà náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Iná kò tàn. Ó gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà: ìyá rèé lórí ibùsùn, aṣọ ìbora dé èjìká.

"Màámi rèé tí mò ń wò yìí," ó sọ fún ara rẹ̀. "Iná yìí ló ti kú láti ọwọ́ àwọn tó ṣe é. Ọjà ayé òde òní!" Ó kọjá sí ihò karùn-ún.

Háà! Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà èwe ní òfin kan ṣoṣo: má kúrò nídìí wáyà láìjẹ́ pé o gbọ́ ohùn ẹni tó wà lópin rẹ̀. Iná lè parọ́, ìwé lè parọ́, ohùn èèyàn ni kó o gbọ́. Oníwáyà fúnra rẹ̀ ti fi òfin yìí bú ọmọṣẹ́ tí kò níye. Lọ́jọ́ náà, kó dìde rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni, kó kanlẹ̀kùn, kó ní "Màámi", kí ìyá ní "Hóò". Ẹsẹ̀ kò dùn ún. Òjò kò rọ̀.

Ètò tó ń gbé àwòrán ìyá wá sójú kọ̀ǹpútà sì ní ìwà kan. Tí àwòrán tuntun kò bá dé, á di èyí tó rí gbẹ̀yìn mú, á máa gbé e hàn lọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ pupa wínníwínní kan sí igun ìsàlẹ̀ pé òun kò rí kámẹ́rà mọ́. Ṣùgbọ́n Oníwáyà ti tẹ́ àwòrán ilé olówó tó ń yà lé igun náà lórí, ó ku ibùsùn àti ẹni tó wà lórí rẹ̀ nìkan tó ń hàn.

Ó wá fi fáìlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Kó tó nawọ́ mú ife, ó ti lọ! Oníwáyà pariwo, ó lu itan, ó dìde ó jó yí àga rẹ̀ po. Ó pe akọ́lé lórí fóònù.

"Ṣé ó ti dé?"

"Ó ti dé, Bàbá! Kí lẹ lò báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí àtẹ̀gùn yẹn yí sápá òsì, kẹ́ ẹ sì bá mi fẹ fèrèsé àwọn yàrá òkè díẹ̀ sí i."

"Kò sí wàhálà. Kó tó di aago kan, á ti wà lọ́wọ́ yín."

Ní ilé kejì, káfíńtà tan ẹ̀rọ tó fi ń fá pákó. Ẹ̀rọ yẹn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ó di ọ̀sán kó tó dákẹ́, ẹni tó bá wà nítòsí kò ní gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ láìjẹ́ pé ó pariwo. Oníwáyà ti ilẹ̀kùn, ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà náà lọ, kò sí ojú kankan tó ń wò ó.

Ní aago mọ́kànlá, Tíṣà pè é láti iléèwé.

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn."

"Látàárọ̀ títí di ìsinsìnyí?"

"Oògùn ni."

"Oògùn yẹn kì í kọjá aago mẹ́wàá. Ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Mò ń wò wọ́n báyìí."

"Mo bi yín pé ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Tíṣà, èmi kọ́ ni ọmọ kíláàsì ẹ o."

"Ọkàn mi ò balẹ̀," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò wọ́n."

"Màá lọ. Jẹ́ kí n yí àtẹ̀gùn yìí ná."

Ó yí àtẹ̀gùn tán. Ó wo ìyá rẹ̀: ó sùn. Ó ní kí òun fẹ fèrèsé kan, òun á wá lọ. Ó fẹ ọ̀kan, ó fẹ èkejì. Nǹkan kan ti ń gún un lọ́kàn báyìí, bí eegun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun, kò pa èèyàn, kò sì jẹ́ kéèyàn gbádùn. Ó ń wo ìyá léraléra. Ó tilẹ̀ bá àwòrán náà sọ̀rọ̀. "Màámi, oorun yìí ti pọ̀ o. Ẹ jí, kẹ́ ẹ bú mi pé mi ò tíì jẹun." Ìyá kò yíjú. Ó kù fèrèsé mẹ́rin. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àmọ́ ọkùnrin yìí ń wò ó tí igi ń bọ̀, ó ń ka fèrèsé.

Ní aago kan kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ káfíńtà dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ náà ba Oníwáyà lẹ́rù ju ariwo lọ. Ó gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ aṣọ ìbora ìyá rẹ̀, pé kí òun rí i kó lọ sókè, kó lọ sílẹ̀, bí ti ẹni tó ń mí. Ó wò ó títí. Aṣọ náà kò mira.

"Màámi!" Ó fa àwòrán ilé kúrò lójú kọ̀ǹpútà kó lè rí gbogbo yàrá náà dáadáa. Ibẹ̀ ló ti rí oòrùn. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, ó nà gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ìlà-oòrùn ni fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí. Tí aago mẹ́wàá bá ti lù, oòrùn kì í wọ ibẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí fèrèsé tirẹ̀. Oòrùn òde wà láàárín orí gan-an, òjìji garawa tó wà ní àgbàlá kò ju ìdí garawa lọ.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló dúró. Àwòrán ló dúró. Ó rí ọ̀rọ̀ pupa tó wà nígun báyìí, kò sì nílò láti kà á. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ihò kẹrin tó ṣókùnkùn. Ohun tí obìnrin ọlọ́jà bi í wá yé e yékéyéké. Láti aago mẹ́sàn-án! Wákàtí mẹ́rin ló fi ń kí àwòrán.

Bó ṣe ta àga dànù, tó sáré ré àgbàlá kọjá láìwọ bàtà, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó kọ lu nǹkan rírọ̀ kan, kò ṣí mọ́. Ó tún fẹ́ fi èjìká tì í.

"Rọra," ohùn kan tó tín-ín-rín sọ láti inú. "Ẹsẹ̀ mi nìyẹn."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìyá wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gẹ́gẹ́ lábẹ́ kámẹ́rà, aṣọ ara rẹ̀ ti tutù, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Bọ́tìnnì pupa wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó dì í mú débi pé àmì rẹ̀ ti wọ ọ látẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí àyà, ó sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń jù ú sí kámẹ́rà, ó ń já bọ́ padà. Bọ́mọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Òkè ni ìyá yìí ń wò. Nígbà tó ṣe, ó gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà, ó gbé e sára ọmọ rẹ̀.

"O ti wá ráyè?" ó ní.

Ní ọsibítù, wọ́n ní eegun ìbàdí ti ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tí ìyá ṣubú. Ìyá ní òun ń lọ ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè wọlé ni ẹsẹ̀ òun yẹ̀, bí òun sì ṣe balẹ̀ báyìí ni òun gbọ́ tí káfíńtà tan ẹ̀rọ. Aránṣọ ti dé nígbà náà, pẹ̀lú òwú lára aṣọ rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ wà? Ojú yín tẹ́ ẹ ní kò ní kúrò lára wọn, níbo ló wà?"

Kó tó lanu, ìyá ti gbèjà rẹ̀. "Má bá a wí. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè máa dìde ní gbogbo ìgbà."

"Màámi, mi ò rí yín!" Oníwáyà pariwo. "Àwòrán àárọ̀ ni mò ń wò! Suwíìṣì tuntun yẹn kì í fi iná sínú wáyà, kámẹ́rà ti kú, bọ́tìnnì ti kú, mi ò mọ̀!" Ó mú bírò, ó ya gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ọsibítù, ihò mẹ́jọ, wáyà, àgbàlá, kámẹ́rà. Ìyá wo ìwé náà, ó mi orí.

"Mo gbọ́, ọkọ mi," ó ní.

Bó ṣe mi orí yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló mì ín nígbà tí Oníwáyà wà lọ́mọ ọdún méje, tó ní ológbò ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Ọmọ náà rántí. Ó fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Dókítà ní ọkàn ìyá kò lágbára tó láti fara da iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Aránṣọ gbé e lọ sílé ara rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Oníwáyà ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, akọ́lé pè títí, kò gbé e. Tíṣà kò sọ pé "ṣé mo wí àbí mi ò wí?" Ọkọ rẹ̀ ì bá fẹ́ kó sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó ti ìyá rẹ̀, á tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná àti wáyà, ìyá á sì tún mi orí, á ní òun ti gbọ́. Ara ìyá ń rọ díẹ̀díẹ̀. Kì í jẹun mọ́, omi nìkan ló ń gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aránṣọ jáde lọ ra òwú. Ó ku ìyá àti ọmọ.

"Ọkọ mi."

"Màámi."

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Má fi wáyà dá mi lóhùn o."

"Ẹ bi mí, Màámi."

Ìyá sinmi díẹ̀ kó tó lè sọ ọ́. "Mo ṣubú, mo gbójú sókè, mo rí ọ. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo juwọ́. Apá ń ro mí, mo tún juwọ́. Mo ní bóyá ilẹ̀kùn kan lò ń yà lọ́wọ́, pé tó o bá yà á tán, wàá wá. O ò wá. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́? Tó bá wà, sọ fún mi kí n bẹ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ gbé e lọ."

Oníwáyà lanu. Òtítọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ihò kẹrin, iná tí kò tàn, oòrùn ilẹ̀ yàrá. Ó ti sọ ọ́ fún un tó ìgbà ogún. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá kò bínú, ó kàn ń retí ni. Ó wá yé ọmọ náà pé tí òun bá tún sọ ọ́, ìyá á mi orí, á ní òun ti gbọ́, á sì gbé ìbéèrè náà wọ sàréè lọ.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá, Màámi. Mo rí yín. Mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń juwọ́. Mo ní kí n parí iṣẹ́ ná. Ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, níbi tó ń dán yẹn. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látijọ́. Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ó ti tán." Oorun sì gbé e lọ, kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Nígbà tó jí lálẹ́, inú rẹ̀ dùn débi pé ó béèrè fún tíì, ó sì pe Aránṣọ kó wá jókòó. Ó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹ́wọ́, pé ó rí òun nílẹ̀ lóòótọ́, pé òun ti fi jì í, kí Aránṣọ náà fi jì í. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá kú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójú oorun.

Ọjọ́ ìsìnkú, Aránṣọ dá Oníwáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ṣé lóòótọ́ lẹ rí wọn?" Ìyá ṣì wà nínú pósí nínú pálọ̀, wọn kò tíì gbé e jáde. Oníwáyà wo ibẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀.

"Mo rí wọn," ó ní.

Aránṣọ kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́.